Bí A Ṣe Máa Borí Emmett Láì Ṣe É Léṣe

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Ó ku ọjọ́ méjì kí Cobb's Landing àti Brantley, ìlú méjì tí odò Ohio là láàárín, tún pàdé lórí pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá. Virgil Dombek, kóòṣì Cobb's Landing, ti ara rẹ̀ mọ́ inú yàrá tí wọ́n ń kó akoto àti aṣọ eré sí. Ó fi kúbùsù bo fèrèsé, ó tún fi òmíràn bo pátákó ìkọ̀wé. Bí ẹ bá rí i, ẹ máa rò pé wúrà ìjọba ló ń ṣọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Brantley ti ń na Virgil, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà nídìí ẹ̀: Emmett Kostelnik, adènà wọn, tó máa ń dúró láàárín pápá, tó ń wó ẹnikẹ́ni tó bá gbé bọ́ọ̀lù sá mọ́lẹ̀. Emmett ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta báyìí, eré sì ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀, àfi Emmett.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

KÓÒṢÌ: Ta nìyẹn?

LORRAINE: Èmi ni.

KÓÒṢÌ: Ìwọ ta ni?

LORRAINE: Lorraine Kostelnik. Ṣílẹ̀kùn, páì yìí ń jó mi lọ́wọ́.

(Ìyàwó Emmett fúnra rẹ̀! Kóòṣì fa kúbùsù pátákó sísàlẹ̀ dáadáa, ó bẹ abẹ́ tábìlì wò, kó tó wá ṣílẹ̀kùn níwọ̀n ibi tí imú rẹ̀ gbà.)

KÓÒṢÌ: Àǹtí Lorraine, ẹ káalẹ́. Ta ló rán yín?

LORRAINE: Ẹsẹ̀ mi ló rán mi. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

(Ó wọlé. Kóòṣì gba páì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tún fi etí tì í.)

LORRAINE: Kí lò ń gbọ́?

KÓÒṢÌ: Mò ń wò ó bóyá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà níbẹ̀.

LORRAINE: Nínú páì ápù?

KÓÒṢÌ: Àǹtí mi, Brantley lẹ ti wá. Ìfura loògùn àgbà.

LORRAINE: Àgbà wo? Ìwọ tí mo máa ń pààrọ̀ ìtẹ̀dí fún nígbà tí ìyá ẹ bá lọ síṣẹ́ irin? Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, ìlú yín níbí ni mo ṣì ń gbé, ìwọ ò sì tíì pé méjì.

KÓÒṢÌ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìtẹ̀dí sílẹ̀.

LORRAINE: Èmi ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Ìwọ ni kò tíì dúpẹ́.

(Kóòṣì mú páálí ńlá kan lórí tábìlì, èyí tí wọ́n kọ gbogbo ètò eré sí, tí wọ́n fi ọ̀rá lẹ̀. Ó fi bo ẹnu.)

KÓÒṢÌ: (láti ẹ̀yìn páálí) Kí lẹ wá ṣe níbí?

LORRAINE: Ṣé eyín ń dùn ẹ́ ni?

KÓÒṢÌ: Rárá o.

LORRAINE: Kí lò ń fi páálí bo ẹnu fún nígbà náà?

KÓÒṢÌ: Kí wọ́n má baà wo ètè mi, kí wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo kóòṣì gidi ló ń ṣe é.

LORRAINE: Virgil, èmi nìkan ló wà níbí. Mo sì ń gbọ́ ẹ.

KÓÒṢÌ: Ó ti mọ́ mi lára ni. Kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, nígbà tí pásítọ̀ bi mí bóyá mo gbà, ìwé orin ni mo fi bo ẹnu.

LORRAINE: Mo wà níbẹ̀. Ìyàwó ẹ rò pé o fẹ́ bì ni. Ó yá, jókòó, kó o gbọ́ ohun tó gbé mi wá. Mo fẹ́ kọ́ ẹ bí wàá ṣe borí ọkọ mi.

(Páálí já bọ́ lọ́wọ́ kóòṣì. Ó sáré mú un padà.)

KÓÒṢÌ: Ẹ ti jà?

LORRAINE: A ò jà. Òun ló po kọfí fún mi láàárọ̀ yìí.

KÓÒṢÌ: Ó ń lé obìnrin?

LORRAINE: Emmett? Kó tó fi ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀, obìnrin náà á ti délé, á ti sebẹ̀, á ti sùn.

KÓÒṢÌ: Á jẹ́ pé ẹ̀tàn ni. Ẹ fẹ́ sọ irọ́ fún mi kí n lè gba ibi tó dè mí sí. Àǹtí Lorraine, èmi náà lójú nílẹ̀. Wákàtí ogójì ni mo fi wo fídíò Emmett. Mo ti ka ìṣísẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ló máa ń gbé láti àárín pápá dé etí. Ní báyìí, mẹ́rìndínlógún ni.

LORRAINE: O fi wákàtí ogójì wò ó. Èmi ti wò ó fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ajá wa tó máa ń sá fún un tẹ́lẹ̀, ó ti ń jókòó dè é báyìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé ìdọ̀tí jáde, ọkọ̀ akólẹ̀ ti kọjá, ó bá ki eré mọ́lẹ̀, ó ń lé e. Ṣé o mọ ohun tí awakọ̀ yẹn ṣe?

KÓÒṢÌ: Ó dúró dè é.

LORRAINE: Ó fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ padà wá bá a. Emmett wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Lorraine, mo lé e bá!"

(Kóòṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú Lorraine, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Lorraine jókòó lórí garawa kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.)

LORRAINE: Ẹ̀yìn ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láràárọ̀ báyìí, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó rò pé mò ń sùn ni. Mò ń ka àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mẹ́tàlá ni. Tó bá ku méjì, mi ò ní lè mí títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi kan ilẹ̀. Virgil, ọmọ wa máa bímọ lóṣù Kejìlá. Ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kí Emmett lè bẹ̀rẹ̀ gbé e. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò lè parọ́ fún ẹ.

KÓÒṢÌ: Ẹ sọ fún un kó fi eré sílẹ̀ kẹ̀.

LORRAINE: Mo ti sọ. Pásítọ̀ ti sọ. Dókítà sọ ọ́, Emmett ní kí dókítà jáde síta kó wá sáré kóun lé e. Ṣùgbọ́n ó ti búra lójú gbogbo wa lórí oúnjẹ. Ó ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé bọ́ọ̀lù sá yí òun ká, tó gba etí pápá kọjá, tí òun ò bá a, ọjọ́ náà lòun máa bọ́ akoto. Emmett kì í ṣe ẹni tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ kó wá yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò lè sá yí i ká! Ọdún mẹ́sàn-án!

KÓÒṢÌ: Àǹtí, ẹ má ka ọdún sí mi létí mọ́.

(Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó lọ ti ilẹ̀kùn pa, ó ṣí kúbùsù kúrò lójú pátákó. Òdo àti àmì àgbélébùú kún ibẹ̀ bámúbámú, pẹ̀lú ọfà tó ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún.)

LORRAINE: Èwo ni Emmett nínú gbogbo ìwọ̀nyí?

KÓÒṢÌ: Àwọn òdo ni tiwa. Àwọn àgbélébùú ni tiwọn. Àgbélébùú ńlá tó wà láàárín yìí ni Emmett.

LORRAINE: Àgbélébùú? Ọkọ mi ò tíì kú o!

(Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ya orí sí àgbélébùú náà, ó ya irun imú tó nípọn, ó ya ikùn.)

KÓÒṢÌ: Àǹtí, ẹ ń ba ètò mi jẹ́.

LORRAINE: Ó ti wá jọ ọ́ báyìí. Ó yá, kí lo fẹ́ ṣe fún un?

KÓÒṢÌ: (ara rẹ̀ yá gágá) Àkọ́kọ́ nìyí. A ò ní jẹ́ kó sinmi. Bí wọ́n bá ṣe ń wó wa tán ni a ó ti dìde, a ó ti tò, a ó ti tún sá. Kò ní ráyè jáde kí ẹlòmíràn rọ́pò ẹ̀. Tó bá fi máa di ìgbà keje, ahọ́n ẹ̀ á ti wà níta.

LORRAINE: Àwọn ará Tolliver ṣe ìyẹn fún un lọ́dún tó kọjá. Ṣé o mọ ibi tó bì sí? Inú ọkọ̀ mi. Ẹ̀wà àti sọ́séèjì. Kérésìmesì dé, òórùn náà ṣì ń kí wa kú ọdún. Pa á rẹ́.

KÓÒṢÌ: Ètò tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe?

LORRAINE: Èmi fi oṣù mẹ́ta fọ ọkọ̀. Pa á rẹ́.

(Kóòṣì pa á rẹ́.)

KÓÒṢÌ: Kò burú. Èkejì. Mo ní ọmọkùnrin kan, Wojcik, kúkúrú ni, ó sì nípọn bí àgbá. Òun ló máa rọra yọ́ wọ abẹ́ Emmett, á gbá a ní orúnkún, kó tó dìde—

(Lorraine ti dìde. Ọ̀bẹ tó fẹ́ fi gé páì wà lọ́wọ́ rẹ̀.)

LORRAINE: Orúnkún wo?

KÓÒṢÌ: Ti... ti òsì.

LORRAINE: Èyí tí mo fi òróró wọ́ lánàá?

KÓÒṢÌ: Ti ọ̀tún, ti ọ̀tún ni mo fẹ́ sọ.

LORRAINE: Èyí tí mo fẹ́ lọ wọ́ lálẹ́ òní?

KÓÒṢÌ: Mo ti pa á rẹ́, Àǹtí. Ẹ wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

LORRAINE: Ìkẹta.

KÓÒṢÌ: Èyí ò ní fọwọ́ kàn án rárá, ọgbọ́n orí lásán ni. A ó ṣe bí ẹni pé a gbé bọ́ọ̀lù fún Denny, ọmọ tó ń bá wa sáré. Emmett á já síwájú, á ní òun fẹ́ mú un. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà, bó bá ti lọ síwájú, kì í tètè gbọ́ pé kó padà. Àṣé bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ Denny! A ó jù ú gba orí Emmett kọjá sí ẹ̀yìn ẹ̀.

LORRAINE: Ìyá Emmett ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

KÓÒṢÌ: Ẹ bá mi kí wọn.

LORRAINE: Ọdún kan ló kù kí wọ́n pé ọgọ́rin. Iwájú pátápátá ni wọ́n máa ń jókòó sí, pẹ̀lú agogo tí wọ́n ń so mọ́ màlúù lọ́rùn lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n á máa lù ú fún ọmọ wọn. Ṣé o fẹ́ kí màmá náà máa wo ọmọ wọn bó ṣe ń wó ẹni tí ò gbé nǹkan kan dání?

KÓÒṢÌ: Àǹtí, eré ni!

LORRAINE: Lójú tìẹ. Emmett á wo fídíò ẹ̀ látìgbà tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa yọ́. Pálọ̀ mi ló ti máa wò ó. Á máa dá a dúró, á máa dá a padà, á máa bi mí pé, "Lorraine, níbo lo rò pé bọ́ọ̀lù wà níbí yìí?" Pa á rẹ́.

(Kóòṣì pa á rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti funfun dé ìgbọ̀nwọ́.)

KÓÒṢÌ: Ìkẹrin. A ó fà á lọ sápá òsì pápá, a ó fà á, a ó fà á—

LORRAINE: Ibi tí àwọn ọmọ onífèrè ilé-ìwé máa ń tò sí?

KÓÒṢÌ: Bẹ́ẹ̀ ni.

LORRAINE: Ó ti lé ẹnì kan débẹ̀ rí. Ó lè sá lọ, kò kàn lè dúró mọ́ ni. Ó wọ àárín àwọn ọmọ náà, orí ẹ̀ há sínú fèrè ńlá ọmọbìnrin kan. Ọmọ yẹn ń sunkún, Emmett ń ké nínú fèrè, àwọn èèyàn rò pé orin ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

(Kóòṣì pa á rẹ́ láìdúró kí wọ́n sọ fún un. Pátákó ti mọ́ tónítóní. Emmett nìkan ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú irun imú rẹ̀.)

KÓÒṢÌ: Àǹtí Lorraine, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹ wá kọ́ mi bí n ṣe máa borí ọkọ yín ni, àbí bí n ṣe máa tọ́jú ẹ̀?

LORRAINE: Méjèèjì.

KÓÒṢÌ: Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ká gbé bọ́ọ̀lù, ká sá tààrà bá a ní àyà.

LORRAINE: Ìyẹn dáa.

KÓÒṢÌ: Ibẹ̀ ló ti ń pa èèyàn! Ibẹ̀ ló ti kán mi ní eegun èjìká nígbà tí èmi fúnra mi ṣì ń sáré!

LORRAINE: Mo rántí. Mo gbé ọbẹ̀ adìyẹ wá kí ẹ ní ọsibítù.

KÓÒṢÌ: Ọbẹ̀ ò jọ eegun, Àǹtí!

(Orí ti ń gbóná fún un. Ó tún gbé páálí bo ẹnu, ó ń kùn sínú rẹ̀. Ara Lorraine kọ̀ ọ́.)

LORRAINE: Gbé páálí burúkú yẹn sílẹ̀! Òun gan-an ló ń nà ẹ́ látọjọ́ yìí!

KÓÒṢÌ: (láti ẹ̀yìn páálí) Báwo?

LORRAINE: Tí bọ́ọ̀lù bá máa lọ tààrà, o kì í bo ẹnu. O kàn máa ń pariwo ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, páálí á gòkè. Tó bá jẹ́ apá òsì ni bọ́ọ̀lù máa gbà, ọwọ́ òsì lo máa fi gbé e. Tó bá jẹ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún.

(Kóòṣì wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni. Ó wo ibi tó ti pa ètò apá òsì rẹ́ lórí pátákó.)

KÓÒṢÌ: Láti ìgbà wo?

LORRAINE: Láti ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó ń wo ètè ẹ ò sí, Virgil. Emmett ò sáré rí. Ó kàn máa ń lọ dúró síbi tó o bá ní kó lọ ni.

KÓÒṢÌ: Ìyàwó mi ló ń fi ọ̀rá lẹ páálí yìí fún mi lọ́dọọdún. Ó ní kí òjò má baà bà á jẹ́.

LORRAINE: Òjò ì bá ti ṣe ẹ́ lóore.

(Kóòṣì fi páálí sórí àga, ó jókòó lé e lórí kó má baà tún mú un. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo.)

KÓÒṢÌ: Ó ku ọ̀kan o. N ò kọ ọ́ síbì kankan, torí mo rò pé ó ti rọrùn jù. Denny á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, bí ẹni tí kò níṣẹ́. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, á rọra yà sápá ọ̀tún. Kò sí onífèrè níbẹ̀, koríko nìkan ni. A ó rọra ju bọ́ọ̀lù sí i. Ó ku òun àti Emmett, ó tán. Kò ní sí ẹni tó máa ti Emmett, kò ní sí ẹni tó máa tàn án. Kò ní ṣubú. Á kàn sáré, Denny náà á sáré, Denny á sì kọjá.

(Lorraine ń wo ọkùnrin onírun imú tó dá wà lórí pátákó.)

LORRAINE: Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo wọn.

KÓÒṢÌ: Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án!

LORRAINE: Mo gbọ́. Bí wọ́n bá wó o, á dìde, á gbọn koríko kúrò lára, á máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí, ẹ̀yìn ọmọ náà nìkan lá máa wò, bó ṣe ń kéré sí i. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí láti ibí lọ.

(Ó fi ọwọ́ tó kún fún ṣọ́ọ̀kì nu ojú. Ojú rẹ̀ funfun.)

KÓÒṢÌ: Ṣé kí n pa á rẹ́?

LORRAINE: Gbìyànjú ẹ̀, kí n fi garawa yìí fọ́ ẹ lórí. Òun náà la máa ṣe.

(Kóòṣì fò sókè. Ó gé páì, ó bù fún Lorraine, ó bù fún ara rẹ̀ ní ìlọ́po méjì.)

KÓÒṢÌ: Ọdún mẹ́sàn-án! Ó ti tán! Àǹtí, àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n o. Mi ò ní sọ fún ìyàwó mi. Mi ò ní sọ fún Denny títí di àárọ̀ Sátidé.

LORRAINE: Àwa méjì. Àti Emmett.

KÓÒṢÌ: Emmett wo?

LORRAINE: Emmett mélòó lo mọ̀? Alẹ́ òní ni màá sọ fún un.

(Páì há kóòṣì lọ́fun. Lorraine gbá a lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta, láìyí ohùn padà.)

LORRAINE: Ọdún mẹ́rìnlélógún la ti jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, n ò fi nǹkan pa mọ́ fún un rí. Òní ni mo kọ́kọ́ parọ́ fún un, mo ní mo fẹ́ lọ kí aláìsàn.

KÓÒṢÌ: Àǹtí! Bó bá ti mọ̀, á lọ lúgọ dè wá níbẹ̀!

LORRAINE: Emmett? Bí mo bá sọ fún un pé ẹ fẹ́ fi ọmọ kékeré dán ẹsẹ̀ ẹ̀ wò, ṣé á lọ lúgọ ni? Á dúró sáàyè ẹ̀ gan-an, á ní kí ọmọ náà máa bọ̀.

KÓÒṢÌ: Kí wá ni èrè sísọ ọ́?

LORRAINE: Bí ẹ bá ká a mọ́ ibi tí kò retí, á ní ojú òun ò sí níbẹ̀ ni. Á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti mọ̀, tó ń retí ẹ̀, tó fi gbogbo agbára Ọlọ́run sáré, tí kò sì bá ọmọ náà, àwáwí tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un mọ́. Òun fúnra ẹ̀ á bọ́ akoto, á gbé e fún mi, a ó sì máa lọ sílé.

(Kóòṣì ronú sí i. Ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì dùn ún pé òótọ́ ni. Lorraine ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ti ṣílẹ̀kùn.)

KÓÒṢÌ: Àǹtí Lorraine! Bó bá wá lé e bá ńkọ́?

LORRAINE: Á jẹ́ pé ìwọ ni kó o fẹ̀yìn tì.